Bí Mo Ṣe Kúnlẹ̀ Kí Pirińtà

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi fi iyọ̀ àti ata sí i: òótọ́ ni pé mo kúnlẹ̀ kí pirińtà. Ní Mowe níbí ni, lójúmọmọ, níwájú oníbàárà mẹ́rin àti ọkọ mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti rò ó fún àwọn tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ibafo, ó ti dé Ifo, wọ́n ní ó ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Ọbáfẹ́mi. Ohun tí kò bá ọ̀rọ̀ náà rìn ni ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi.

Fọláwẹ̀mí lorúkọ mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi. Màmá Zubair ni mí. Ọkọ mi ni Ṣàràfá, ọmọ Ifo, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ìbéèrè, tó sì tún máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó bá dáhùn tán. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń ti Mowe lọ síṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Èkó. Á jáde kí àkùkọ tó kọ, á wọlé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Nígbà tí Zubair wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ó jí láàárọ̀ Sọ́ńdè kan, ó bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ káàárọ̀." Ó rò pé àlejò ni. Ṣàràfá rẹ́rìn-ín sí i. Èmi wọ ilé ìdáná lọ, mo mú àlùbọ́sà, mo ń gé e kí n lè rí nǹkan di ẹkún mi rù.

Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé náà kógbá sílé, gbogbo ẹbí ń bá wa kẹ́dùn, inú mi sì ń dùn lábẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Owó tí wọ́n fi dá ọkọ mi sílẹ̀ ló fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì wa. Ó ra kọ̀m̀pútà àlòkù mẹ́ta, ó sì ra pirińtà ńlá kan tí ilé ìtẹ̀wé náà ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ arúgbó tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó, tó ń wúkọ́ tó ń sín, tó sì lè fi wákàtí mẹ́fà tẹ ìwé láìsinmi. Ṣàràfá ń fi í tẹ ìwé ìdánwò fún àwọn ilé ìwé Ibafo, ó ń fi í tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní Ibogun, ó ń fi í tẹ ìwé pélébé fún àwọn tó ń lọ sí Redemption Camp. Ojúmọ́ wá ń mọ́ bá ọkọ mi nílé. Ó ń mú ọmọ lọ síléèwé. Ó ń jẹ ẹ̀bà nígbà tó ṣì gbóná.

Fáírọ́ọ̀sì, àrùn inú kọ̀m̀pútà, ló fẹ́ ba ayọ̀ wa jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú fíláàṣì wá láti Ibogun, á kì í bọ kọ̀m̀pútà, gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á di àwòrán ọfà kékeré tí kì í ṣí. Ṣàràfá á fọ kọ̀m̀pútà mọ́ lónìí, fíláàṣì ẹlòmíràn á tún kó o wọlé lọ́la. Ètò ayédèrú tí àwọn tó ta kọ̀m̀pútà náà fi sínú rẹ̀ tún wá ń dá kún un. Lójijì, ojú kọ̀m̀pútà á dúdú, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹrù olè ni ẹ̀yin ń lò yìí. Ẹ gbọ́ mi o, kọ̀m̀pútà lásánlàsàn ń pe ọkọ mi lólè, ẹni tí kì í ṣèèṣì mú bírò oníbírò wálé.

Ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó ń sunkún, ó fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì rẹ̀ rẹ́, nítorí ó ti gbà pé iṣẹ́ àṣekágbá òun ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà níbẹ̀ ní kó dúró. Àbdùlsàmàd lorúkọ ọmọ náà, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́ ní Ibogun, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ki fíláàṣì tirẹ̀ bọ kọ̀m̀pútà, ó pa á, ó tún un tàn, ohun mìíràn ló yọjú. Ó wá ki ti ọmọbìnrin náà bọ̀ ọ́. Gbogbo iṣẹ́ ọmọ náà jókòó síbẹ̀ pérépéré. Wọn ò lọ síbì kankan, fáírọ́ọ̀sì ló kàn fi wọ́n pamọ́. Ọmọbìnrin náà dì mọ́ Àbdùlsàmàd, ó dì mọ́ Ṣàràfá, díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ kọ̀m̀pútà.

"Kí lèyí?" ni Ṣàràfá bi í.

"Línúùsì ni, sà. Òun ló ń darí kọ̀m̀pútà yín báyìí. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ta ló ni ín?"

"Gbogbo ayé ló ni ín, sà. Àwọn èèyàn káàkiri ló ń kọ ọ́ pa pọ̀. Ẹ lè wo inú rẹ̀, ẹ lè tún un ṣe, ẹ sì lè fún ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó máa pè yín lólè."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú ọkọ mi. Ó gbé e wálé bí ẹni tó he wúrà. Èmi wò ó tìrín. Mo ti gbọ́ ọ̀fẹ́ rí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi pè mí lọ sí ìpàdé kan ní Ibafo, ìgbà tí mo máa fi jáde, agolo tíì mẹ́fà tó ń wo gbogbo àrùn ló wà nínú báàgì mi. Mo ní, "Bàbá Zubair, nǹkan tó jẹ́ ti gbogbo ayé, tó bá bàjẹ́, ta la máa mú?" Ó rẹ́rìn-ín.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní ẹgbẹ́ àwọn oní-Línúùsì ń pàdé nínú iléèwé jẹ́léósinmi kan nítòsí wa, àwọn ará Mowe, ará Ibafo àti ará Ifo. Mo ní a jọ ń lọ ni. Mi ò lè jẹ́ kí ọkọ mi dá lọ ra tíì. Nígbà tá a débẹ̀, mo bá àwọn èèyàn bí ogún tí wọ́n jókòó sórí àga àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Àwòrán ẹyẹ kan, àmì Línúùsì, wà láyà ẹ̀wù wọn, ó sanra, inú rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, bíi pẹ́pẹ́yẹ tó wọ agbádá. Mo ti ń fojú wá ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo jókòó títí, kò sẹ́ni tó bọ ẹyẹ, kò sẹ́ni tó ta tíì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á bi í, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dìde lórí àga kékeré yẹn, á lọ bá a, wọ́n á jọ tẹjú mọ́ kọ̀m̀pútà. Tí nǹkan náà bá wá ṣiṣẹ́, gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́ bíi pé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Bí Ṣàràfá ṣe ń pàtẹ́wọ́ ni ojú rẹ̀ ń dán. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn.

Bí ọkọ mi ṣe di oní-Línúùsì nìyẹn. Ó fi í sínú kọ̀m̀pútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fáírọ́ọ̀sì kógbá rẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún un, lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú, á máa tẹ̀ ẹ́ tìṣọ́ratìṣọ́ra bí àlùfáà tó ń kọ hàntú. Ó ń jí, á ní, "Màmá Zubair, o mọ ohun tí mo kọ́ lánàá?" Èmi á ní mi ò mọ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀. Á sọ fún mi síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún Hijira, ó ra ẹ̀wù ẹlẹ́yẹ fún ara rẹ̀, ó ra ti Zubair, ó tún ra tèmi. Mo fi tèmi nu ààrò gáàsì.

Oṣù mẹ́wàá ni ayọ̀ yìí fi lọ geere. Ìgbà tó di oṣù kọkànlá, ẹ̀dà tuntun Línúùsì jáde. Àbdùlsàmàd kìlọ̀ fún un pé kó fi kọ̀m̀pútà kan sílẹ̀ bó ṣe wà, kó kọ́kọ́ wo bí ti àwọn yòókù ṣe máa rí. Ta ló gbọ́? Ayọ̀ ti gun Ṣàràfá. Ó pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà, pirińtà sì yadi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ètò kékeré kan wà tó ń bá kọ̀m̀pútà túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún pirińtà arúgbó yẹn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kọ ọ́, Mátíásì lorúkọ rẹ̀, orílẹ̀-èdè Swídìn ló ń gbé. Kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun ti pa ètò náà rẹ́ lára kọ̀m̀pútà wa, ojú ewé Mátíásì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan la sì ti lè rí òmíràn gbà. Ojú ewé náà ti wà ní títì. Àbdùlsàmàd wá a títí, gbogbo ẹgbẹ́ bá a wá a, kò sẹ́ni tó ní in nílẹ̀.

Túsìdeè nìyẹn o. Ọjọ́ náà gan-an ni Ààńtí Kòfowórọlá, obìnrin tó ni iléèwé ńlá kan ní Ibafo, gbé ìbéèrè ìdánwò gbogbo kíláàsì wá, tirẹ̀ àti ti iléèwé mẹ́ta mìíràn. Mọ́ńdè ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ṣàràfá, mo fọkàn tán ọ. Ìwé yìí ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn." Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé gbé lọ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bọ̀dá Uthman, pè láti Èkó pé àyè iṣẹ́ ti ṣí sílẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan, pé kí Ṣàràfá fún òun lésì kí Jímọ̀ tó parí. Ṣàràfá ní òun á pè é padà. Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ ọkọ mi. Tí ìwé ìdánwò yẹn ò bá jáde, Ààńtí Kòfowórọlá á lọ, iléèwé mẹ́ta yòókù á bá a lọ, Ṣàràfá á gbà, á tún di ẹni tó ń jáde kí àkùkọ tó kọ. Àbíkẹ́yìn wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni.

Ẹ̀rù bà mí, ìbínú ni mo sì fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo ní, "Gbogbo ayé ló ni ín, àbí? Ẹ wá mú gbogbo ayé nísinsìnyí. Ọjọ́ tí pirińtà yìí bá tún tẹ ìwé, èmi Màmá Zubair á kúnlẹ̀ kí i." Àbdùlsàmàd gbọ́ ọ, oníbàárà méjì gbọ́ ọ. Ẹnu mi ló ṣe é.

Ṣàràfá kọ̀wé sí Mátíásì ní Túsìdeè, lórí pátákó ìbéèrè tí àwọn oní-Línúùsì gbogbo àgbáyé ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún kọ ọ́ ní Àlàrùba, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún kọ ọ́ ní àárọ̀ Àlàmísì. Ìgbà tó di ọ̀sán, mo gbé oúnjẹ lọ fún un, kò jẹ ẹ́, mo ní kó ka ohun tó kọ sétí mi.

Ó kà á: "Pirińtà mi ò ṣiṣẹ́. Ojú ewé yín ti tì. Báwo ni kí n ṣe?" Èkejì: "Ó ń kán wa lójú o, ẹ fèsì." Ẹ̀kẹta bí ìkejì. Ẹ̀kẹrin bí ẹ̀kẹta.

Mo ní, "Ibo lẹ ti kí i?"

Ó ní wọn kì í kí èèyàn níbẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ló kọ́ òun pé téèyàn bá fẹ́ béèrè nǹkan, kó lọ tààrà, kó má fi ìkíni gba àkókò ẹni ẹlẹ́ni.

Orí mi gbóná. Ìbínú náà tó ìbínú, síbẹ̀ mi ò yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá Zubair, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nílé yín ní Ifo nìyẹn? Ìyá yín tí ò lè ra iyọ̀ láìbéèrè àlàáfíà ewúrẹ́ ẹni tó ń tà á? Ọkùnrin yìí ń ṣiṣẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́wàá lẹ fi ń jẹ lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ ò kí i lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa débi ilẹ̀kùn rẹ̀, pirińtà lẹ jù sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà mẹ́rin."

Ṣàràfá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka ti pátákó ìbéèrè náà sókè, ó ń wò ó. Kì í ṣe òun nìkan. Èèyàn bí igba ló ti kọ̀wé sí Mátíásì láti oṣù tó kọjá. Kí ló dé tí ojú ewé rẹ fi tì? Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe yìí? Ẹnì kan tiẹ̀ pè é ní ọ̀lẹ. Nínú igba èèyàn, kò sẹ́ni tó ní ẹ kú iṣẹ́. Àánú ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí wá ṣe mí, ó ṣe mí gan-an.

Mo fa àga, mo jókòó. Mo ní, "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kẹ́ ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀." Ohun tí mo sọ nìyí, mi ò bù ú, mi ò fi kún un:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Màmá Zubair ni mí ní Mowe, ìyàwó Ṣàràfá tó ti ń yọ yín lẹ́nu látọjọ́ Túsìdeè. Ẹ má bínú sí i, ìdààmú ló bá a. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Tí kò bá tíì sí, Ọlọ́run á pèsè. Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́? Ṣé ara wọn le? Ẹ kú òtútù. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ti bọ́ wa fún oṣù mẹ́wàá, a ò sì dúpẹ́, ẹ foríjì wá. Nítorí yín ni ọkọ mi fi ń mú ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé. Tí ẹ bá ráyè, ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ ojú ewé yẹn. Tí ẹ ò bá ráyè, a ṣì kí yín náà. Ẹ bá wa kí Màmá."

Ṣàràfá ní ó gùn jù. Mo ní kó fi ránṣẹ́.

Àárọ̀ Jímọ̀, mo ń din ata lọ́wọ́ nígbà tí Ṣàràfá sáré wọlé tòun ti bàtà. Mátíásì ti fèsì. Ó ka ìwé náà fún mi. Mátíásì ní ìyá òun ṣubú ní ilé ìwẹ̀ ní oṣù tó kọjá, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ó ní òun fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, òun ń gbé ọ̀dọ̀ ìyá òun, òun ò ráyè bojú tó ojú ewé òun títí tó fi tì. Ó ní bí òun bá ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ, tí òun rí ìbínú inú rẹ̀, òun á tún pa á dé. Ṣùgbọ́n tiwa béèrè màmá, ó wá kà á sí màmá létí. Màmá ní kó tún un kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá ní, ta ló sọ fún àwọn ará Áfíríkà pé ara mi ò yá? Mátíásì ní kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, wọ́n kàn béèrè ni. Ó ní ìyá òun rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ṣubú, ó wá ní, "Dìde, lọ tún ẹ̀rọ àwọn èèyàn yẹn ṣe. Mi ò ní jẹun títí wàá fi ṣe é tán."

Ó ti ṣe é tán. Ó ti ṣí ojú ewé padà, ó sì fi ètò tó bá ẹ̀dà tuntun mu síbẹ̀.

Mi ò rántí ẹni tó pa iná ata. Àwa méjèèjì jọ sáré dé ṣọ́ọ̀bù ni. Oníbàárà mẹ́rin ti jókòó sílẹ̀ dè wá. Ṣàràfá gba ètò náà wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, a ń wò ó. Pirińtà wúkọ́. Ó sín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìwé jáde: Ìṣirò, Kíláàsì Kìn-ín-ní, Ìbéèrè Kìn-ín-ní. Ṣàràfá yí padà, ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀jẹ́ lẹ̀jẹ́ ń jẹ́. Mo ká ìró mi, mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Oníbàárà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan jábọ́ lórí àga. Wọ́n rò pé pirińtà ni mò ń kí. Ìyá kan tó gbé oúnjẹ rẹ̀ tì lórí ibùsùn ní Swídìn ni mò ń kí.

Kí Ṣàràfá tó lọ kírun Jímọ̀, ó pe Bọ̀dá Uthman. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Mowe ni mo wà." Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò gé àlùbọ́sà lọ́tẹ̀ yìí, mo kàn sunkún náà ni.

Sọ́ńdè, Mátíásì pè wá ká lè rí ojú ara wa. Irùngbọ̀n ló gba gbogbo ojú rẹ̀. Ó yí fóònù sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo rí àgbà, kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀. Bí mo ṣe lọ sílẹ̀ kúrò lójú fóònù báyìí, a gbọ́ igbe. Màmá ń lọgun, ó ń nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. Mátíásì sọ ọ́ fún Ṣàràfá, Ṣàràfá ń rẹ́rìn-ín títí kò lè túmọ̀ rẹ̀ fún mi: Màmá ní obìnrin yẹn ti ṣubú, kí wọ́n tètè gbé e, kí egungun rẹ̀ má lọ kán bíi tòun. Mo gbórí sókè láti ilẹ̀, mo ń juwọ́ sí i. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó wò mí, ó sì tẹ orí rẹ̀ síwájú lórí ìrọ̀rí, níwọ̀n ibi tí ìbàdí rẹ̀ gbà á dé.

Mọ́ńdè ló yẹ ká kó ìwé ìdánwò lọ sí Ibafo, láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ọmọ kankan má baà rí i. Ṣàràfá gbé páálí sọ́wọ́ kan, ó fi ìkejì fa àbíkẹ́yìn wa lọ́wọ́. Èmi gbé páálí kejì, mo wọ ẹ̀wù ẹlẹ́yẹ mi tí mo ti fọ epo kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tuntun kan wà lẹ́nu géètì, kò mọ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ọmọ náà ṣeré, ó ní, "Ta lẹni tó fà ẹ́ lọ́wọ́ yìí?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó béèrè ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní, "Bàbá mi ni."